Baba Yìnyín Gbé Ẹja Ààyè

Gbogbo ọjọ́ ayé Baba Yìnyín, òkú ẹja ló ń gbé. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú títí ó fi funfun, iṣẹ́ kan náà ni: yóò to ẹja sínú àpótí, yóò da yìnyín lé e lórí, yóò ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ gbàgà, ó di ìlú tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ẹja tó ti kú kì í yọ awakọ̀ lẹ́nu. Kì í ní ebi ń pa òun, kì í ní kó rọra sáré. Bó bá wu Baba Yìnyín kó dúró jẹun, yóò dúró jẹun. Ibi tó bá sì ti dúró, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò fa kọ́kọ́rọ́ yọ, yóò jù ú sápò. Epo ò ní ṣòfò, olè ò ní gbé ọkọ̀ lọ, yìnyín á sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ẹja tó ń wakọ̀ fún kógbá sílé. Ọ̀gbẹ́ni wa jókòó sílé. Háà, ẹ ò tíì rí ìyọnu! Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dilẹ̀ wá di ẹni tó ń tún àga tí kò bàjẹ́ ṣe. Àga tó bá tún ṣe, ẹ má jókòó lé e o. Ó tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣe, ilẹ̀kùn kọ̀ kò ṣí mọ́, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gba abọ́ fún odindi ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù, ó pe ọmọ wọn obìnrin tó kéré jù: "Àbígbẹ̀yìn, jọ̀ọ́, wá iṣẹ́ fún bàbá rẹ kó tó wó ilé lé mi lórí."

Ẹja ni Àbígbẹ̀yìn náà ń bá ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹja ààyè ni tirẹ̀. Ilé ìtọ́jú ẹja kan tó wà létí òkun ló wà, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja inú òkun nínú táǹkì onígíláàsì, tí àwọn ènìyàn ń wá wò wọ́n. Àkùràkudà, ẹja eléyín mímú nì, ló yan láàyò. Bàbá rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Mo fi ẹja bọ́ ọ dàgbà," ni yóò wí, "ìwọ náà wá lọ ń bọ́ ẹja. Ẹ̀san ni àbí kí ni?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í dùn mọ́ ọn nínú. Bàbá ò fìgbà kan wá wo ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀ gan-an.

Nǹkan tó ń ṣe níbẹ̀ nìyí. Àkùràkudà kan wà tí kò tóbi ju apá àgbàlagbà lọ. Etí òkun tí omi kò jìn, láàárín àwọn àpáta iyùn tó ń hù lábẹ́ omi, ni ilé rẹ̀. Ní àdúgbò kan báyìí tó jìnnà sí tiwọn, wọ́n ti fi àwọ̀n kó irú ẹja náà tán, àwọn iyùn ibẹ̀ sì ti bàjẹ́. Wọ́n wá fi òfin de àwọ̀n níbẹ̀, iyùn ti ń hù padà díẹ̀díẹ̀, àkùràkudà nìkan ni kò padà wá. Ibùdó kan wà létí omi náà tó fẹ́ kí wọ́n padà. Akọ ni wọ́n ní níbẹ̀, wọn ò ní abo kankan tó ti tó ẹyin yé. Ilé iṣẹ́ Àbígbẹ̀yìn ló ní abo. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tọ́ ọ dàgbà láti inú ẹyin. Bí abo yìí bá débẹ̀ láyọ̀, ẹyin á dé, ọmọ á dé, wọ́n á sì tú àwọn ọmọ náà sínú òkun. Ìgbà èwe Àbígbẹ̀yìn látòkè délẹ̀ ló ná sórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ta ló máa wá gbé e lọ? Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹja ààyè. Àbígbẹ̀yìn kò pè wọ́n. Ó wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, ó ní bàbá òun ni kí wọ́n jẹ́ ó gbé e.

Ọ̀gá, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Bàbá rẹ tó ń gbé ẹja inú yìnyín?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni, mà. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà yẹn bíi tirẹ̀."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ẹja yìí lọ́nà, ọrùn rẹ ló wà. Màá fi iṣẹ́ yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Má sì sọ pé mi ò sọ fún ọ."

Ọmọ náà gbà. Kò sọ apá tó kan ọrùn yìí fún bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló sọ fún. Ṣé ẹ sì mọ̀ pé ohun tí ìyá bá gbọ́, bàbá á gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, Baba Yìnyín dé ilé ìtọ́jú ẹja náà pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n mú un lọ, yàrá gígùn kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, tí páìpù gba ara ògiri kọjá, tí omi ń dún wùrùwùrù níbi gbogbo. Bàtà rọ́bà àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ dúró ti táǹkì pẹlẹbẹ kan, apá aṣọ rẹ̀ ká dé ìgúnpá.

"Bàbá mi, ẹ wá wò ó. Arìngbẹ̀rẹ̀ lorúkọ tí a sọ ọ́."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó retí eyín, ó retí ẹnu gbàgàdà. Nǹkan tó rí ni ẹja pẹ́lẹ́bẹ́ kan tó ní àwọ̀ bíi yanrìn, tí àmì dúdú dúdú kún ara rẹ̀, tí àmì róbótó ńlá kan sì wà lẹ́yìn orí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bíi ojú tó la sílẹ̀.

"Èyí ni àkùràkudà?" ló wí. "Èyí tó dà bí alángbá tó ṣubú sómi?"

"Ẹ dúró ná."

Ẹja náà gbé lẹ́bẹ́ iwájú rẹ̀ kan síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé èkejì. Ó fì ìdí sọ́tùn-ún, ó fì í sósì, ó sì rìn. Mo ní ó rìn, mi ò ní ó lúwẹ̀ẹ́! Ó fẹsẹ̀ rìn ní ìsàlẹ̀ táǹkì, ó lọ yọjú wo abẹ́ òkúta kan, kò rí akàn tó ń wá, ó sì rìn padà. Baba Yìnyín ò mọ ìgbà tó ṣí fìlà rẹ̀.

"Ẹja tó ń fẹsẹ̀ rìn," ló wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo ẹja tí mo ti gbé láyé mi, kò sí èyí tó bá mi rìn rí."

Wọ́n gbé Arìngbẹ̀rẹ̀ sínú àpótí ńlá kan tó kún fún omi òkun, wọ́n gbé àpótí sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ara iná ọkọ̀ ló ti ń gba agbára.

"Ẹ gbọ́ o, Bàbá mi. Pọ́ǹpù yìí lẹ̀mí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dúró níbì kan, ẹ lè pa ẹ́ńjìnnì, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ẹ yí i dé ìdajì báyìí, kí bátìrì lè máa gbé pọ́ǹpù. Tí ẹ bá fà á yọ, pọ́ǹpù á kú."

"Mo ti gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

"Ṣé èmi lo ń bi bẹ́ẹ̀? Mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó máa bí ọkọ rẹ."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó wá di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó sì dì í mú pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń dágbére lásán lọ. Baba Yìnyín mọ ohun tó wà nínú ọwọ́ yẹn. Ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ó wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Gbogbo kòtò ló yẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó bá fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́ kó kọjá. Ihò kan wà láàárín iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ omi tó ń hó pùlùpùlù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bá èrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ṣé o wà ńbẹ̀ yẹn? A ti kọjá afárá o. Ọkọ ń dúró dè ọ́ níwájú, má wulẹ̀ ba ara jẹ́." Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ó tiẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ lu ìlù sílẹ̀.

Ọ̀nà ò tíì tó ìdajì tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Èéfín funfun yọ níwájú. Kò bẹ̀rù, nítorí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, mẹkáníìkì kan tí wọ́n ń pè ní Kò-séwu. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé kò sí bí ọkọ̀ ṣe lè bàjẹ́ tó, kódà kó máa jóná lọ́wọ́, yóò kàn nu ọwọ́ sára ṣòkòtò ni, yóò ní, "Kò séwu."

Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ẹja ti kógbá sílé, wọn ò tíì fojú kan ara wọn. Kò-séwu rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó sọ sípánà sílẹ̀, ó ké tòò. "Baba Yìnyín! O ṣì wà láyé!"

"Ìwọ lo kúrú tó báyìí?"

"Ìwọ lo di arúgbó tó báyìí?"

Ayọ̀ yìí gan-an ni Baba Yìnyín fi bọ́ sílẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó jù ú sápò. Ọwọ́ ló ṣe é, ọwọ́ náà ò bi orí léèrè. Ohun tí èèyàn ti ń ṣe láti ìgbà èwe, ta ló tún ń ronú sí i?

Rọ́bà tí omi ń gbà wọ rédíétọ̀ ló já. Kò-séwu ní kò séwu, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Nígbà tó jáde, ẹnì kan ti ra búrẹ́dì àti ẹyin díndín wá, tíì gbígbóná sì wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí táyà. Ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ka àwọn tó ti kú, wọ́n ka àwọn tó yẹ kó ti kú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Kò-séwu tún padà sábẹ́ ọkọ̀, ó de rọ́bà tuntun, ó dè é pinpin, ó jáde.

"Ó ti parí. Kí lo tiẹ̀ rù? Ẹja náà ni?"

"Ẹja!" Baba Yìnyín dìde, ó gbọn búrẹ́dì dànù lára aṣọ rẹ̀. "Wá wo ìyàwó àfẹ́sọ́nà tí mò ń sìn relé ọkọ. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Bí o bá rí i, o ò ní jẹ ẹja mọ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì wọ inú ọkọ̀ tán tó fi tẹ́tí sílẹ̀. Ibẹ̀ dákẹ́. Kò sí pùlùpùlù. Omi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó fọwọ́ sápò, ọwọ́ rẹ̀ kan kọ́kọ́rọ́.

"Mo gbé!" ló wí. "Yéè, mo gbé!"

Arìngbẹ̀rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àpótí, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Baba Yìnyín ki ọwọ́ bọ omi, ó fọwọ́ kàn án, kò mira. Ó yí i sẹ́yìn, ikùn rẹ̀ funfun yọ sókè, kò jà. Ó wá ṣe ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Ó wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń dán. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹran ara rẹ̀. Ó wo àwọn ojú ìlà tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, wọ́n pa dé. Ẹja tó ti kọjá lábẹ́ àtàǹpàkò yẹn kò níye, kò sì ṣì í mọ̀ rí. Òkú ni.

Ó jókòó sórí pákó ọkọ̀. Kì í ṣe ẹja ló ń rò, ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Ọmọ tó wọlé tọ ọ̀gá lọ nítorí rẹ̀, tó fi ọrùn ara rẹ̀ dúró fún un, kí ó má baà máa jókòó sílé bí ẹni tí ayé ti gbàgbé. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọmọ yìí gbé ohun tó fẹ́ràn lé e lọ́wọ́, ohun tó fi ṣe nìyí, nítorí búrẹ́dì àti ẹyin.

Kò-séwu náà ti yọjú, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sọ pé kò séwu. Ó fi ẹnu sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí.

"Gbọ́ mi dáadáa. Yìnyín wà nínú kúlà rẹ, àbí? Mo mọ̀ ọ́, o ò lè rìnrìn-àjò láìsí yìnyín."

"Ó wà. Ti omi mímu ni."

"Gbé ẹja yẹn sí i kó má baà rà. Ìgbà tí o bá débẹ̀, sọ pé bátìrì ló yọnu lójú ọ̀nà. Èmi mẹkáníìkì ni màá jẹ́rìí sí i. Màá tú bátìrì náà sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ta ló ń bá bátìrì jà?"

Ẹ má wulẹ̀ bú Kò-séwu, ìfẹ́ ọ̀rẹ́ ló ń ṣe é. Baba Yìnyín náà gbọ́ ọ, ó sì dùn létí rẹ̀. Ó fa kúlà mọ́ra, ó ṣí i, ó fọwọ́ gbún yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe máa ń ṣe. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpótí, ó gbé Arìngbẹ̀rẹ̀ dìde, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

Ni fóònù bá dún.

Àbígbẹ̀yìn ni. Orúkọ rẹ̀ ń tàn lójú fóònù tó wà lórí pákó. Baba Yìnyín dúró báyìí pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, ó ń wo fóònù, ó ń wo kúlà. Kò-séwu ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, "Bátìrì! Rántí o, bátìrì!" Bàbá dá ẹja padà sínú omi, ó nu ọwọ́, ó gbé fóònù. Ó ti ní bátìrì lórí ahọ́n.

"Bàbá mi," ni ohùn ọmọ náà wí, "ẹ ti jẹun?"

Ìyẹn ló bà á jẹ́. Ká ní ẹja ló kọ́kọ́ béèrè ni, bóyá irọ́ ì bá jáde. Òun ni ọmọ yìí kọ́kọ́ béèrè.

"Mo ti jẹun," ló wí. "Ìgbà tí mo ń jẹun ni mo pa á. Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ, Àbígbẹ̀yìn. O sọ fún mi, mo sì fà á yọ. Pọ́ǹpù kú, mi ò mọ̀. Ó ti kú. Èmi ni mo pa á. Kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe bátìrì. Èmi ni."

Kò-séwu fi ọwọ́ bo ojú.

Baba Yìnyín ń retí igbe, ó ń retí èébú, ì bá tiẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn bí ọmọ bá bú u. Ohùn tó jáde le, ó sì yára.

"Ṣé ẹ ti gbé e sórí yìnyín?"

"Rárá."

"Ṣé inú omi ló wà?"

"Inú omi ló wà. Ṣùgbọ́n ó ti kú, ọmọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ òkú ẹja."

"Òkú ẹja lẹ mọ̀, Bàbá mi. Ẹ ò tíì mọ eléyìí. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ẹ yí i dé ìdajì. Báyìí báyìí!"

Kò-séwu gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sá lọ síwájú. Pùlùpùlù bẹ̀rẹ̀.

"Pọ́ǹpù yẹn kéré, kò ní tètè ká a. Ẹ wá abọ́ tàbí korobá. Ẹ máa bu omi inú àpótí náà, ẹ máa dà á padà láti òkè, kó máa ru, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ má dà á láàmú. Kí yìnyín má ṣe sún mọ́ ọn o! Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ilé rẹ̀, yìnyín gan-an ló máa pa á."

Baba Yìnyín wo kúlà tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti ìdérí rẹ̀ dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Ẹ wo àwọn àgbà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú korobá, ọ̀kan pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n fi ń gba epo ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀. Háà, rárá o, Baba Yìnyín já abọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ Kò-séwu, ó jù ú síta, ó fún un ní ìkòkò tíì. Wọ́n ń bu, wọ́n ń dà. Ohùn ọmọ náà ń jáde láti inú fóònù lórí pákó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, bóyá kí bàbá rẹ̀ má baà dákú, bóyá kí òun fúnra rẹ̀ má baà sunkún.

"Níbi tó ti wá, Bàbá mi, omi òkun máa ń fà padà. Tó bá ti fà, omi díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ kù sáàárín iyùn, bíi omi inú abọ́. Gbogbo nǹkan tó há síbẹ̀ á máa mí, wọ́n á mí títí atẹ́gùn inú omi náà á fi tán. Ẹja mìíràn á sá lọ kó tó dìgbà yẹn. Èyí tí kò bá sá á kú. Òun kì í sá. Akàn pọ̀ níbẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Báwo ló ṣe ń ṣe é?" Kò-séwu ló béèrè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó máa ń pa ara rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó ń pa iná yàrá tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Á dín èémí kù, ọkàn rẹ̀ á rọra máa lù, apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ á sinmi. Ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ bá yí i dànù, kò ní mọ̀. Tí omi òkun bá padà dé, á tan gbogbo iná náà padà. Tí ọ̀rọ̀ bá sì le jù, á fẹsẹ̀ rìn jáde lórí iyùn lọ wá omi mìíràn. Ohun tí ẹsẹ̀ wà fún nìyẹn."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ ò bi mí rí, Bàbá mi."

Ó sọ ọ́ láìbínú, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dun bàbá rẹ̀ wọ egungun. Ó bu omi, ó dà á. Òótọ́ ni, kò bi í rí. Ọdún gbogbo tó fi ń fi iṣẹ́ ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, kò bi í ní ìbéèrè kan.

"Ṣé ó dájú pé ó máa jí?" ló béèrè.

"Kò dájú." Ohùn ọmọ náà rẹlẹ̀. "Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí pọ́ǹpù ti kú. Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ ṣáà máa dà á."

Wọ́n ń dà á. Apá ń ro wọ́n. Aṣọ wọn ti rin gbingbin, fìlà tuntun ti di àkísà, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ti di ẹrẹ̀. Oníbàárà kan wá gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó rí wọn, ó ní kí ni wọ́n ń ṣe, Kò-séwu ní kó bọ́ síbí kó wá bu omi tàbí kó máa lọ. Ọkùnrin náà lọ. Baba Yìnyín ń bá ẹja sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń pè é ní ìyá, ó ń pè é ní ìyàwó, ó ní kó dákun, kó má ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ òun jẹ ọmọ òun níyà.

Ìlà kan gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀.

Baba Yìnyín dúró. Ó rò pé omi tó ń ru ló tan òun jẹ. Ó tẹ ojú mọ́ àpótí débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Kò sí nǹkan kan. Ó fẹ́ gbé orí sókè ni ìlà náà tún ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí.

"Ó mí!" ló ké. "Àbígbẹ̀yìn, ó mí!"

"Ẹ má dúró! Ẹ máa da omi!"

Wọ́n dà á bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà, àwọn àmì dúdú náà yọ dáadáa. Ó gbìyànjú láti gbé ara ró, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún gbìyànjú. Nígbà tó yá, lẹ́bẹ́ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ àpótí. Lẹ́bẹ́ òsì tẹ̀ lé e. Arìngbẹ̀rẹ̀ fì ìdí lẹ́ẹ̀kan, ó rìn, ó forí sọ ògiri àpótí, ó yípadà, ó rìn sí ọ̀dọ̀ kejì bí ẹni tó ń wá ẹni tó jí i lójú oorun.

Kò-séwu pariwo débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ìkejì sá jáde. Ó gbá ìkòkò tíì mọ́ àyà, ó ń jó nínú ẹrẹ̀, "Mo sọ ọ́! Ṣé mi ò sọ ọ́? Kò séwu!" Kò sì sọ nǹkan kan tó jọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà gbọ́. Baba Yìnyín jókòó sílẹ̀, ó di àpótí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ń rìn," ló ń sọ fún fóònù. "Ọmọ mi, ó ń rìn."

Ẹkún ọmọ náà ni wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tó dé ibùdó náà, ilé kékeré kan tó kọjú sí òkun. Omi ti fà, àwọn iyùn yọrí síta lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, kòtò omi kéékèèké ń dán láàárín wọn. Ó dúró wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Àwọn obìnrin méjì tó wọ bàtà rọ́bà bá a gbé àpótí, wọ́n sì tú Arìngbẹ̀rẹ̀ sínú adágún tí wọ́n fi òkúta ṣe sílẹ̀ fún un. Ó rìn yí ibẹ̀ ká, ó rí ihò kan, ó wọ̀ ọ́, ìrù rẹ̀ nìkan ló kù síta. Wọ́n yin awakọ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n yìn ín tán, ó sọ ohun tó ṣe fún wọn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àwọn á máa ṣọ́ ọ dáadáa, ó dúpẹ́, ó padà sínú ọkọ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ó ti wọlé. Ó ti rí ihò tó wọ̀."

"Wọ́n ti pè mí, Bàbá mi. Ẹ ṣeun."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá rẹ ńkọ́? Jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀, kí n sọ fún un pé ẹjọ́ rẹ kọ́."

"Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un."

"Kí ló wí?"

"Ó pariwo. Ó pariwo gan-an. Ó ní ká ní ẹja yẹn kú ni, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Nígbà tó pariwo tán, ó ní abo kan tún wà tí wọ́n máa gbé lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ní ta ló máa gbé e."

Baba Yìnyín mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pe àwọn awakọ̀ tó mọ iṣẹ́ náà, ọmọ mi. Kò ní dùn mí."

"Mo ní ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Ká ní ẹ sọ fún mi pé bátìrì ni, màá ti gbà yín gbọ́. Màá ti bá yín kẹ́dùn, ẹja yẹn á wà lórí yìnyín, kò sì ní sí ohun tó máa jí i. Àwọn awakọ̀ yòókù mọ ọkọ̀ wà, Bàbá mi, mi ò mọ ohun tí wọ́n á sọ fún mi tí mo bá pè wọ́n lọ́nà. Tiyín ni mo mọ̀."

Baba Yìnyín fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Àbígbẹ̀yìn, ìkejì yẹn, kí ló máa ń jẹ? Ṣé akàn ni òun náà ń jẹ?" Ọmọ rẹ̀ sì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.